Java: Bí Èdè Kan Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Ọ̀pọ̀ Ẹ̀rọ

Síìmù inú fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kọ̀ǹpútà tí báńkì fi ń tọ́jú àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀ lè gba odindi yàrá. Géèmù Minecraft tí àwọn ọmọdé ń gbá wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú ilé. Lójú ẹni tó ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ti fi kọ iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Java ni orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé Java ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kan, àti pé ohunkóhun tí a bá fi í kọ yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Gbogbo ibi tí Java dé, àwọn kan ti ṣiṣẹ́ síbẹ̀ dè é. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Java kò lè wọ ibẹ̀. A ó wo ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ibi tó gbé Java dé, àti àwọn ibi tó ti kọsẹ̀.

Kí Java tó dé

Ètò kọ̀ǹpútà ni àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èdè kọ̀ǹpútà ni ènìyàn fi ń kọ àwọn àṣẹ náà sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn lè kà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ègé kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò, kò gbọ́ èdè yẹn. Nọ́ńbà nìkan ló gbọ́, irú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà tó ń sọ fún ọpọlọ Intel pé kó ṣe ìròpọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọpọlọ ARM inú ọ̀pọ̀ fóònù mọ̀. Ètò ìdarí, ìyẹn Windows, Linux àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń darí gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ, tún yàtọ̀ síra. Kálukú wọn ló ní ọ̀nà tó ń gbà ṣí fáìlì, tó sì ń gbà ya àwòrán sójú ẹ̀rọ.

Fún ẹni tó ń lo èdè bíi C, ètò kan tó ń jẹ́ compiler ló máa ń yí iṣẹ́ rẹ̀ padà sí nọ́ńbà. Bó bá yí i padà fún Windows lórí ọpọlọ Intel, ibẹ̀ nìkan ni yóò ti ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, àfi kó yí i padà lákọ̀tun, kó sì tún gbogbo ibi tí kò bá ẹ̀rọ tuntun náà mu ṣe.

Ní 1991, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ kan jọ fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Green Project. James Gosling, ọmọ Kánádà, wà nínú wọn, pẹ̀lú Mike Sheridan àti Patrick Naughton. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rọ ilé bíi tẹlifíṣọ̀n máa tó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà nínú. Wọ́n sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró ti ọpọlọ kan ṣoṣo: bí wọ́n bá rí èyí tí owó rẹ̀ dínkù lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni wọn yóò lò. Ta ni yóò wá máa tún ètò kọ ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá yí? Gosling ṣe èdè kan tí kò ní gbára lé ọpọlọ kankan pàtó, ó sì pè é ní Oak, orúkọ igi kan tó wà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Ní 1992, wọ́n fi ẹ̀rọ àfọwọ́mú kan tó ń jẹ́ Star7 han àwọn ọ̀gá wọn.

Ọjà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń fojú sùn kò gbà á. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbilẹ̀ nígbà náà, kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi ló sì wà lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìṣòro tí wọ́n ṣe èdè náà fún ló tún wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ Oak, nítorí náà wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Java, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1995. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 1996, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá kọ ètò lẹ́ẹ̀kan lè lò ó níbikíbi.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Iṣu tútù wúwo, ó sì lè bàjẹ́ lọ́nà ìrìn àjò. Àmàlà tí a ti rò kò ṣeé gbé rìn jìnnà. Èlùbọ́ ló wà láàrin méjèèjì. Ẹni tó wà ní Ṣakí ti bó iṣu, ó ti bọ̀ ọ́, ó ti sá a, ó ti lọ̀ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti parí. Ẹni tó gbà á ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀n, ì báà jẹ́ iná gáàsì ló ń lò tàbí iná igi, omi gbígbóná àti orógùn ló kù tó nílò. Irú iṣẹ́ ààbọ̀ tó ṣeé gbé kiri báyìí ni Java ń ṣe, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọ ètò a kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .java. Èyí ni ènìyàn lè kà.

Ìkejì, compiler ti Java a yí fáìlì náà padà sí ohun tí wọ́n ń pè ní bytecode. Nọ́ńbà ni bytecode, àmọ́ kì í ṣe nọ́ńbà Intel, kì í sì í ṣe ti ARM. Nọ́ńbà ọpọlọ kan tí kò sí nínú ayé ni, tí àwọn tó ṣe Java kàn kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé. Àṣẹ inú rẹ̀ kò ju bí 200 lọ, èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ọ.

Ìkẹta, lórí ẹ̀rọ tí a fẹ́ lò, ètò kan wà tó ń ṣe bíi pé òun ni ọpọlọ tí kò sí nínú ayé yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Java Virtual Machine, JVM ni gbogbo ènìyàn ń pè é. JVM a gba bytecode wọlé, a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó má bàa ní àṣẹ tó lè ba nǹkan jẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún ọpọlọ gidi tó wà níbẹ̀.

Ìkẹrin, bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni JVM ń ṣọ́ ọ. Bó bá rí i pé apá kan ń padà wá léraléra, a yí apá náà padà pátápátá sí nọ́ńbà ọpọlọ gidi, kí ó má bàa máa túmọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. JVM náà ló tún ń gba àyè ìrántí padà lọ́wọ́ ohun tí ètò kò lò mọ́. Ní C, ẹni tó kọ ètò ló gbọ́dọ̀ rántí ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni ìgbésẹ̀ kẹta. JVM fúnra rẹ̀ kò lè rìn láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. HotSpot, èyí tí wọ́n ń lò jù nínú àwọn JVM, C++ ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti ṣe èyí tó bá Windows mu, èyí tó bá Linux mu, èyí tó bá Mac mu, fún ọpọlọ Intel àti fún ọpọlọ ARM. Wàhálà gbígbé ètò láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ kò kúrò nílẹ̀ rárá. Ó kúrò lọ́rùn ẹgbàágbèje àwọn tó ń kọ ètò, ó sì bọ́ sọ́rùn àwọn díẹ̀ tó ń kọ JVM. Nítorí pé Sun tẹ òfin JVM jáde fún gbogbo ayé, ilé-iṣẹ́ mìíràn náà lè ṣe tiwọn, bí IBM ti ṣe. Ní 2006, Sun kéde pé òun yóò ṣí kóòdù Java sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe. Èyí ló bí OpenJDK. Oracle ra Sun ní 2010, síbẹ̀ OpenJDK ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ títí di òní.

Java inú síìmù kọ́ ni Java inú báńkì

Bí ẹ̀rọ ṣe tóbi sí ni Java tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí oríṣi rẹ̀ fi ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó kéré jù ni Java Card, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ síìmù àti káàdì ATM tó ní ègé wúrà lójú. Àyè inú káàdì kéré débi pé wọ́n yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò nínú èdè náà: Java Card àtìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe ìṣirò tó ní dẹ́símà, kò sì ní ọ̀nà tí Java yòókù ń gbà tọ́jú ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹni tó mọ Java dáadáa ní láti tún ara rẹ̀ kọ́ kó tó lè kọ ètò fún káàdì.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Java ME, ti fóònù. Kí fóònù Android tó gbòde ní Nàìjíríà, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Nokia, Samsung àti Sony Ericsson. Ẹni tó bá fi 2go báwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà náà, tó fi Opera Mini wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ṣe dáńlóòdù géèmù tí fáìlì rẹ̀ parí sí .jar, Java ló ń lò. Fóònù BlackBerry àtijọ́ náà, Java ni wọ́n fi ń kọ áàpù rẹ̀. Ibí yìí ni ìlérí Java ti kọ́kọ́ rí ìdánwò gidi. Ojú fóònù kan tóbi ju ti èkejì lọ. Bọ́tìnì wọn kò sí ní ipò kan náà. Àyè ìrántí wọn yàtọ̀. JVM inú òmíràn sì ní àléébù tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń tún géèmù kan náà ṣe ní ẹ̀dà púpọ̀ kó tó lè kárí àwọn fóònù tó wà lọ́jà.

Java SE ni ti kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń lò nílé àti lọ́fíìsì. Òun ni ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá dúró lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní Jakarta EE báyìí, pẹ̀lú àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ Spring tí ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Java ti lágbára jù lónìí. Ẹni tó fi áàpù fi owó ránṣẹ́ kì í rí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, Java ló wà lẹ́yìn tó ń yọ owó kúrò ní àkáǹtì kan, tó sì ń kọ ọ́ sí òmíràn.

Android ní ìtàn tirẹ̀. Fóònù Android àkọ́kọ́ jáde ní 2008, èdè Java ni Google sì ní kí àwọn ènìyàn máa fi kọ áàpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí JVM nínú Android. Bytecode Java ni wọ́n ń tún yí padà sí irú mìíràn tó ń jẹ́ DEX, ètò tí Google ṣe fúnra rẹ̀ ló sì ń lò ó: Dalvik ló kọ́kọ́ jẹ́, ART ló gba ipò rẹ̀ ní Android 5 tó jáde ní 2014. Oracle pe Google lẹ́jọ́ ní 2010 nítorí bíi 11,500 ìlà kóòdù Java tó wà nínú Android. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá Google láre ní oṣù Kẹrin 2021. Nínú ẹjọ́ náà, ó hàn gbangba pé ènìyàn lè mú èdè Java láìmú JVM.

Agbo tó yí èdè náà ká

Èdè nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó nílò kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan láti ilẹ̀. Ó nílò irinṣẹ́ tí yóò máa kó kóòdù wọ̀nyẹn jọ fún un, bíi Maven àti Gradle, àti ibi tí yóò ti máa kọ̀wé, bíi Eclipse tàbí IntelliJ IDEA. Nítorí pé bytecode kan náà ni gbogbo JVM gbọ́, kóòdù tí ẹnì kan kọ lórí Linux ní Jámánì lè wọ inú ètò ẹlòmíràn lórí Windows ní Ìbàdàn láìsí àtúnṣe.

Òfin JVM kò tilẹ̀ sọ pé Java nìkan ló gbọ́dọ̀ di bytecode. Àwọn mìíràn ti ṣe èdè tuntun tó ń gba ọ̀nà kan náà: Scala, Clojure àti Kotlin wà lára wọn. Google gba Kotlin wọlé fún Android ní 2017, nígbà tó sì di 2019 ó ní òun ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ áàpù tuntun kọ́kọ́ yàn. Kotlin àti Java lè wà nínú ètò kan ṣoṣo, kí wọ́n máa pe kóòdù ara wọn.

Agbo ńlá ní ewu tirẹ̀. Log4j jẹ́ kóòdù kan tí àìmọye ètò Java ń lò láti kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2021, ayé gbọ́ pé àléébù kan wà nínú rẹ̀: bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ lọ́nà kan pàtó ránṣẹ́, tí Log4j sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni náà lè mú kí kọ̀ǹpútà náà lọ gba kóòdù àjèjì wá, kó sì ṣe ohun tí kóòdù náà wí. Lórí Minecraft, kíkọ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí ìsọ̀rọ̀ ti tó. Ọ̀nà kan náà tí kóòdù rere gbà dé ibi gbogbo ni àléébù náà gbà, àwọn iléeṣẹ́ káàkiri ayé sì sáré tún ètò wọn ṣe.

Àwọn àṣìlóye tó wọ́pọ̀

*Pé Java àti JavaScript jẹ́ ọ̀kan náà.* Èdè méjì ni wọ́n. Brendan Eich ló ṣe JavaScript ní Netscape ní 1995, fún ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Java lorúkọ tó ń lọ lọ́jà nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní orúkọ tó jọ ọ́.

*Pé Java ń falẹ̀.* Òótọ́ ni nígbà tí JVM kàn ń túmọ̀ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí HotSpot ti dé ní 1999, ìgbésẹ̀ kẹrin tí a ṣàlàyé ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun tó kù ni pé ètò Java máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra, ó sì ń gba àyè ìrántí ju ètò C lọ.

*Pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.* iPhone kò fìgbà kan ní JVM nínú. Java tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní applet, ti kógbá wọlé, nítorí àléébù ààbò pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ni Chrome àti àwọn yòókù sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Minecraft tí Markus Persson fi Java kọ wà fún Windows, Mac àti Linux. Ti fóònù àti ti ẹ̀rọ géèmù, C++ ni wọ́n fi kọ ọ́ lọ́tọ̀.

*Pé ètò tó bá ti ṣí lórí ẹ̀rọ tuntun ti bọ́ nínú ewu.* Èyí kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Java ti ń lo Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ, ọ àti ṣ kò ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n títí di Java 18 tó jáde ní 2022, bí ẹni tó kọ ètò kò bá dárúkọ ìlànà tó fẹ́ fi kọ fáìlì, ètò ìdarí ni Java máa ń bi. Windows ní Amẹ́ríkà tàbí Bìrìtìkó lè dárúkọ ìlànà kan tí kò ní ẹ àti ọ nínú, àmì ìbéèrè ni yóò sì dúró sí ipò wọn. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, ètò kan náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Java 18 ni UTF-8, tó gba gbogbo lẹ́tà wa, ti di èyí tí Java ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan.

Àmì ohùn tún ní tirẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta la rí nínú "ọ̀rọ̀", ṣùgbọ́n 5 ni Java yóò kà, nítorí pé àmì ohùn orí ọ jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnì ìkọ̀wé mìíràn tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, 7 ni yóò kà. Orúkọ méjì tó jọra lójú wa lè tipa bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú Java, kí ó sì sọ pé ọmọ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò sí nínú ìwé. Irinṣẹ́ kan wà nínú Java tó ń jẹ́ Normalizer tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó kọ ètò ló gbọ́dọ̀ rántí láti lò ó.

Ohun tó yẹ kí a bi ẹni tó fẹ́ ṣe ètò fún wa

Ọ̀pọ̀ iléèwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún ènìyàn báyìí, ìlérí tí wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ ni pé yóò ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó sanwó, ó yẹ kí wọ́n béèrè irú fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ṣe ètò náà ti dán an wò lórí wọn, àti bóyá irú èyí tí òṣìṣẹ́ wọn ní lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Kí wọ́n bi í ní ẹ̀dà Java tó lò, nítorí pé ẹ̀dà tuntun ń jáde lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, àwọn bíi 17 àti 21 nìkan ni wọ́n ń ṣètọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n tẹ orúkọ tó ní àmì ohùn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì wá a jáde lórí ẹ̀rọ mìíràn. Kí wọ́n béèrè kóòdù àwọn ẹlòmíràn tó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe bí irú ọ̀ràn Log4j bá tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan ti ṣe iṣẹ́ tó ń mú ètò dé ibi gbogbo. Ẹni tó kàn ń fi orúkọ Java dáhùn kò tíì bẹ̀rẹ̀.